Àrùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá mi: ṣé kí n fi ìwádìí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé mi?

ỌmọỌ̀ffà_Kubwa
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Kubwa là ń gbé. Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá mi, Kàdúná ló dàgbà sí, Àbújá ló ti ṣiṣẹ́ awakọ̀. Ọmọ ọdún 26 ni mí, fisiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, àgùnbánirọ̀ ni mí báyìí, ó ku oṣù mẹ́ta kí n parí.

Mo wà ní JSS 2 nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ife tíì ló kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ejìká rẹ̀ á ṣàdédé sọ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń jó láìsí onílù. Ó fi mọ́tò iléeṣẹ́ họ géètì lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé pé ó ń mutí wá síbi iṣẹ́. Bàbá mi! Ọkùnrin tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí, tí kò pa ìrun àsùbáà jẹ rí lójú tèmi. Wọ́n dá a dúró láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Títí di òní, ibi tó ń dùn ún jù nìyẹn, ó ju àìsàn náà lọ.

Ilé-ìwòsàn mẹ́rin la lọ. Ọ̀kan ní rọpárọsẹ̀ ni, ọ̀kan ní àrùn Parkinson ni, ọ̀kan fún un lóògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí orí wọn dàrú. Ọdún tó kọjá ni dókítà ọ̀dọ́ kan wò ó, tó ní ká fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Gúúsù Áfíríkà. A dúró fún oṣù mẹ́rin. Huntington ni, àrùn ọpọlọ tó ń bá ìran rìn. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà ni 44.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú láti mú un lọ sí bálùwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á fún tèmi, á dẹ̀, á tún fún un, á tún dẹ̀. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé eré ló ń bá mi ṣe, nítorí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń mú mi sọdá títì nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ìbéèrè mi rèé. Wọ́n ti gbà mí fún másítà nínú ìmọ̀ ọpọlọ, àrùn ọpọlọ tó ń bá ìran rìn sì ni mo fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, yálà níbí tàbí lókè òkun. Ìyá mi kò fẹ́. Ó ní mi ò lè máa fi ojú ara mi wo pósí ara mi lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ìdajì-ìdajì ni ti àwa ọmọ, mo sì ti kà á pé tó bá gba ọ̀dọ̀ bàbá wá, ó lè tètè bẹ̀rẹ̀ ju ti bàbá lọ. N kò tíì ṣe àyẹ̀wò. Tí mo bá wọ iṣẹ́ yìí, ṣé wọ́n á fi dandan yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nínú iṣẹ́ náà? Àti pé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ nílé wa lóṣù tó ń bọ̀ láti wá mọ̀ wá. Ẹ mọ ohun tí Yorùbá máa ń wádìí kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni.

ÌyáÌbejì_Lugbe
Ọjọ́ Àìkú, 10:22 alẹ́

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ náà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 19 rèé. Ti ìwádìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n á dáhùn. Ti bàbá ni kí n sọ ná. Máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n lóṣooṣù, kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, torí ara tí kò dúró lójú kan bẹ́ẹ̀ ń jó oúnjẹ bí ara àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Ẹ fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ẹ fi òróró àti ẹ̀pà sí i. Omi ṣíṣàn ló máa ń fún wọn lọ́rùn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ògì rẹ̀ ki. Kó jókòó gbọnrangandan kó tó jẹun, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé e mì. Tó bá ń já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tetrabenazine, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2008. Ó ń dín ijó ara yẹn kù, kò wo àrùn náà sàn. Ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an, nítorí náà tí dókítà bá kọ ọ́, ẹ máa ṣọ́ ọkàn bàbá tọwọ́tẹsẹ̀.

Ti ìgbéyàwó: gbogbo wa la mọ AS àti SS, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò yẹn wọn tìẹ. Ti SS, bàbá àti ìyá ló gbọ́dọ̀ dá a jọ. Ti yín yìí, ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ti tó, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n kò dín ti àbúrò kù. Sọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ fúnra rẹ kí àwọn òbí rẹ̀ tó dé. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò.

BàbáMinna
Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Ọmọ mi, mo kí ọ. Èmi kò fara mọ́ ọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Jẹjẹrẹ ló pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ rẹ̀ di nọ́ọ̀sì, ó sì ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ni kí wọ́n gbé òun sí. Láàrin ọdún mẹ́ta, ọmọ náà ò sùn mọ́. Gbogbo obìnrin tó wọlé, ìyá rẹ̀ ló ń rí lára wọn. Èmi ni mo lọ kó ẹrù rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tí kò kàn nílé ṣe iṣẹ́ yẹn. Bàbá rẹ nílò ọmọ, kò nílò onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìyá rẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Àǹtí_Samaru
Ọjọ́ Ajé, 11:48 alẹ́

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dé ibi ọwọ́ bàbá, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọdún 21 ni mo ti lò nínú ìmọ̀ ọpọlọ, Huntington gan-an ni mo sì fi 12 nínú rẹ̀ ṣe. Ohun tí o rí yẹn, àmì tí àwa náà máa ń wá ni. A ó ní kí aláìsàn fún ìka wa méjì mọ́wọ́, kó má tú u. Kò ní lè ṣe é. Yóò fún un, yóò dẹ̀, yóò tún fún un. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un ni ìdìmú ẹni tó ń fún wàrà. Ìwọ tí o dàgbà sí òkè ọya, o ti rí ọwọ́ Fúlàní lábẹ́ màlúù láàárọ̀ rí, o mọ̀ ọ́n. Bákan náà la máa ń ní kí wọ́n yọ ahọ́n síta fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ahọ́n á wọlé, á jáde. Aláìsàn ò kọ̀ fún wa o. Ibi tó ń di àṣẹ mú nínú ọpọlọ ló ti ń kú.

Striatum ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ó wà jìn sínú. Jíìnì kan lórí krómósómù 4 ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì láti ṣe prótíìnì tí wọ́n sọ lórúkọ huntingtin. Nínú jíìnì yẹn, lẹ́tà mẹ́ta, C-A-G, ń tún ara wọn kọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í kọjá 26. Láti 36 dé 39, ó lè ṣeni, ó lè má ṣeni. Láti 40 lọ sókè, tí ẹ̀mí bá gùn, yóò dé. 44 tó wà lórí ìwé bàbá, iye ìgbà tí wọ́n bá CAG nìyẹn.

Bàbá Minna, ẹ kú àgbà o, sà. Ohun tí ẹ sọ kì í ṣe irọ́. Èmi náà mọ ẹni tí iṣẹ́ yìí fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ọmọ yìí lè mọ ohun tó ń yàn tàbí tó ń kọ̀.

Anátọ́mì ni mo kà ní Zaria. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọpọlọ lé mi lọ́wọ́, ọpọlọ tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, ó le díẹ̀, ó sì fúnpọ̀ bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lórí iná. Ìlú Ọba ni mo ti wá rí ti ẹni tí Huntington pa. Wọ́n gé e sí méjì láti òkè, olùkọ́ mi fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́ka. Àárín ọpọlọ ní ihò tí omi máa ń wà. Lára ọpọlọ tó pé, ohun kan wà tó máa ń yọ ikùn wọ inú ihò yẹn láti ẹ̀gbẹ́, caudate lorúkọ rẹ̀. Lára èyí tó wà níwájú mi, ikùn yẹn ti tẹ́, ihò náà ti fẹ̀ bí ìgbà tí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sí nílé. Mo ti ka nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé fún ọdún méjì. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ti àárọ̀ dalẹ́ tí o béèrè: kíkà ló pọ̀ jù. Mo fi ọdún méjì àti ààbọ̀ ka sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ máíkírósíkóòpù, títí ọrùn fi ń dùn mí. Ẹ̀yà èkúté kan wà tí wọ́n ń pè ní R6/2, wọ́n gbé abala jíìnì èèyàn tó ní àrùn yìí sínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, 1996 ni wọ́n kéde rẹ̀. Láàárọ̀, n ó fi ìrù gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan. Èkúté tí ara rẹ̀ yá á ya ẹsẹ̀ síta, á máa wá ibi tí yóò tẹ̀. Èyí tó ní àrùn, lọ́jọ́ kan báyìí, á kó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ mọ́ ikùn, á dì í mú pinpin. N ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Lára àwọn èkúté yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àkójọ prótíìnì náà nínú kókó àárín sẹ́ẹ̀lì ní 1997, bí ìdì kékeré, kí wọ́n tó rí i lára ọpọlọ èèyàn náà.

Mo padà wá sílé nígbà tí mo parí. Ibí ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù wà, ibí náà ló ti ń rẹ̀ mí jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a gba ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan wá láti ìletò kan, ìgò 14, àwọn tí ìdérí wọn jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò jí. Mo kó àwọn ìgò náà sínú kúlà, mo lọ kanlẹ̀kùn ìyá tó ń ta ẹja dídì nítòsí wa ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ìyá náà kó gbogbo yìnyín rẹ̀ fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ni, àbí? Kó o lọ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a yọ DNA rẹ̀. Tí o bá da ẹ̀mí ọtí sí i tí o sì rọra yí ìgò náà lórí ara rẹ̀, o máa rí i tó ń jáde bí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń léfòó. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí òwú yẹn ni mo máa ń rántí ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ burúkú náà wà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tominersen, inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún un sí, kó lè dín huntingtin tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe kù. Gbogbo wa gbójú lé e. Ní oṣù kẹta 2021, wọ́n dá ìdánwò rẹ̀ dúró nítorí àwọn tó gbà á nígbà púpọ̀ kò sàn ju àwọn tó gba omi lásán, tiwọn tiẹ̀ burú jù. Mo ti kọ́ àwọn ìdílé mẹ́ta láti máa dárúkọ oògùn yẹn nínú àdúrà. Èmi ni mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ni ìròyìn mìíràn dé, AMT-130. Iṣẹ́ abẹ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe é, inú striatum gan-an ni wọ́n ń gbé e sí. Lára àwọn tó gba ìwọ̀n tó pọ̀, tí wọ́n tọpa wọn dé ọdún mẹ́ta, wọ́n ní bí àrùn náà ṣe ń burú sí i falẹ̀ ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá fi wé àwọn tí kò gbà á. Èèyàn 12 péré ni wọ́n. Èèyàn 12 kéré, mo mọ̀. Síbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ. Obìnrin kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ ìtàn rẹ̀, Nancy Wexler, ará Amẹ́ríkà. Ní 1968, ìyá rẹ̀ ń sọdá títì láàárọ̀ ní Los Angeles, ọlọ́pàá kan bu ú pé kò tijú, ó ti mutí yó láti àárọ̀. Ìyá náà kò mutí. Bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ni Huntington ti pa. Ó dà bíi ti bàbá rẹ, àbí kò dà bẹ́ẹ̀? Nancy jẹ́ ọmọ ọdún 22. Bàbá rẹ̀, Milton, dá àjọ tí yóò máa ti ìwádìí lẹ́yìn sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá ni Nancy kà, kì í ṣe jíìnì. Ìyá rẹ̀ kú ní 1978. Ní 1979, ó kó àwọn dókítà lọ sí etí adágún Maracaibo ní Venezuela, níbi tí dókítà ará ibẹ̀ kan, Américo Negrette, ti rí i láti 1955 pé ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ìmutíyó lára àwọn apẹja yẹn, Huntington ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ, fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gé awọ ara wọn. Nọ́ọ̀sì kan ló gbé apá Nancy sókè, ó fi àpá ibi tí wọ́n ti gé tirẹ̀ náà hàn wọ́n, pé ìdílé tirẹ̀ náà ní i. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà. Ohun tí wọ́n kó jọ lé ní 4,000 ẹ̀jẹ̀, ìwé ìran wọn sì lé ní 18,000 èèyàn. Inú rẹ̀ ni James Gusella ti rí àmì jíìnì náà lórí krómósómù 4 ní 1983. Ọdún mẹ́wàá mìíràn ló gbà wọ́n kí wọ́n tó rí jíìnì gan-an, 1993.

Láti ìgbà tí àyẹ̀wò ti wà ni àwọn akọ̀ròyìn ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ó ti ṣe é. Kò dáhùn. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n fi ẹ̀bùn Lasker dá a lọ́lá ní 1993, kò dáhùn síbẹ̀. 2020 ló tó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn náà wà lára òun.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè fi dandan yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó ti tó ọjọ́ orí àgbà nìkan ló lè béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì bá a jókòó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á àti kí wọ́n tó fún un lésì. Ẹ̀tọ́ láti má mọ̀ wà. Tí ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín bá wọ inú ìwádìí, nọ́ńbà ni wọ́n á kọ sí i, kì í ṣe orúkọ. Ohun tí èmi fúnra mi á sì rọ̀ ọ́ ni pé kí o má fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ìdílé tìrẹ nínú láàbù láéláé. Jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ìwọ ṣiṣẹ́ lórí ti ìdílé ẹlòmíràn. Ibi tí mo rò pé ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Minna ti kọsẹ̀ nìyẹn: kò sí ògiri láàrin rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí o gbé lọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ tiwa kéré nínú ìwé wọn. Àrùn kan wà tó fara jọ Huntington débi pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, HDL2 ni wọ́n ń pè é, krómósómù 16 ni tirẹ̀ wà. 2001 ni wọ́n rí jíìnì rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lára àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá nìkan ló wà. Dókítà tí kò bá mọ̀ yóò yẹ jíìnì Huntington wò, yóò ní kò sí nǹkan, yóò ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Ta ni yóò mọ irú èyí bí kò bá ṣe àwa?

O kò sì níláti kọ́kọ́ sá lọ sókè òkun. Mahmoud Bukar Maina, ọmọ ìpínlẹ̀ Yobe tó ń ṣe ìwádìí Alzheimer's, àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, ní yunifásítì Sussex nílùú Ọba, ti dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Damaturu, nínú yunifásítì ìpínlẹ̀ Yobe, BioRTC lorúkọ rẹ̀. Damaturu o! Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, ká ní ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò ní gbà á gbọ́.

Kí o tó dá ìyá rẹ lóhùn, ya igi ìdílé yín. Kì í ṣe fún láàbù. Fún ara rẹ ni. Pe gbogbo àgbà tó kù.

Ìdíkàn_Gwarinpa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Àǹtí Samaru, ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ yín nípa ẹ̀jẹ̀ tiwa ló mú mi kọ̀wé.

Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Láti 1992, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà máa ń wọ agboolé wa. Wọ́n á jókòó ti àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65, wọ́n á bi wọ́n ní orúkọ nǹkan, wọ́n á ní kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀. Ìyá ìyá mi fẹ́ràn wọn gan-an, ó máa ń fi àdìrẹ rẹ̀ tó dára jù dúró dè wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oṣùntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó tó kú ní 1995. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, Alzheimer's tuntun láàrin àwọn Yorùbá Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis: 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, níbi tí tiwọn ti jẹ́ 2.52. Bẹ́ẹ̀ jíìnì APOE e4 tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani káàkiri ayé pọ̀ lára wa, síbẹ̀ kò ṣe wá bó ṣe ń ṣe òyìnbó.

Ní 2023 náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1 tó ń mú kí Parkinson's rọrùn láti mú àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára òyìnbó rárá. Wọn kì bá tí rí i láéláé ká ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Àbúrò mi, ìyá mi àgbà ò kàwé. Ó jókòó fún wọn. Lọ.

BàbáMinna
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Mo ti ka ti Àǹtí tán, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn wọ̀ mí lára. Ká ní ẹnìkan sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lákòókò. Èmi ṣì ń bẹ̀ọ́, ọmọ mi, má fi bàbá rẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí o má lọ mọ́.

ỌmọỌ̀ffà_Kubwa
Ọjọ́ Àìkú, 7:10 alẹ́

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹ̀yin Bàbá Minna, mo dúpẹ́, sà.

Mo ti sọ fún àfẹ́sọ́nà mi. Orí àga ìta níbi tí wọ́n ti ń ta súyà ní Kubwa ni mo ti sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá bàbá ti jẹun alẹ́. A ra súyà, ó gé e wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, ó tẹ̀lé mi wálé. Ti àwọn òbí rẹ̀, òun ní òun ni yóò sọ ọ́. N kò mọ ibi tí yóò já sí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ọ̀ffà. Wákàtí méjì la lò. Ó ní bàbá wọn náà "jó" kó tó kú ní 1981, wọ́n ní àwọn ayé ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn kan wà ní Jos tó já sínú kànga lọ́sàn-án gangan, gbogbo èèyàn ní ó pa ara rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yìí ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e jù síbẹ̀, òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò bi òun. Ọmọ kan tí ẹni tó já sí kànga náà bí ṣì wà ní Jos, ó ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n ní kò lè di tẹlifóònù mú mọ́.

Mo ra káàdì-bọ́ọ̀dù. Igun mẹ́rin fún ọkùnrin, òrùka fún obìnrin, mo kun dúdú fún ẹni tó ní i, mo fa ìlà kọjá lórí ẹni tó ti kú. Bàbá mi jókòó tì mí. Ó fẹ́ tọ́ka sí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ní Jos. Ìka rẹ̀ kò dúró, ó kọ́kọ́ bọ́ sórí òrùka tèmi. Àwa méjèèjì rí i. Ó fi ọwọ́ kejì gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó sì dárúkọ àbúrò bàbá mi kan tí mo ti gbàgbé.

Àǹtí, ibo ni kí n kọ 44 náà sí? Kí ni kí n sì ṣe sí òrùka tèmi? Mo tún fẹ́ béèrè bóyá mo lè wá rí yín.

Àǹtí_Samaru
Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Kọ 44 sábẹ́ igun mẹ́rin bàbá, fi ọjọ́ tí èsì dé sí i. Sábẹ́ ti ẹni tó já sí kànga, ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin sọ gẹ́lẹ́ ni kí o kọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ ọ́. Má kùn ún dúdú, kun ìdajì rẹ̀, a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ti ẹni tó wà ní Jos, fún mi láyè kí n bá dókítà kan tí mo mọ̀ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ tó pè é. Ẹ má sọ orúkọ àrùn náà fún un lórí fóònù.

Òrùka tìrẹ, fi í sílẹ̀ ní funfun. Má kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní ibùdó Kubwa lọ́jọ́ Sátidé, sọ̀kalẹ̀ ní Rigasa ní Kàdúná. Èmi yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò, a ó jọ lọ sí Zaria. Ká káàdì-bọ́ọ̀dù náà, má ṣẹ́ ẹ po, kí ìlà rẹ̀ má baà pa rẹ́.